Télọ̀ Kíláàsì Sátidé

Nígbà àkọ́kọ́ tí télọ̀ náà fojú kan tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, ó ti pẹ́ dé ní ogún ìṣẹ́jú, òwú pupa sì lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Kíláàsì àwọn àgbà ni, ní àárọ̀ Sátidé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ìtẹ̀wé kan. Láàárín ọ̀sẹ̀, ìsàlẹ̀ ilé yẹn kan náà ni tíṣà máa ń jókòó sí, tí á máa ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tí á máa ṣa àṣìṣe inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Obìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni télọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì ti gbé e ṣubú. Bí kò bá yege, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kò ní gbà á láti máa kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ránṣọ.

"Àṣekún àbọ̀ la wà lórí ẹ̀," tíṣà sọ fún un jẹ́jẹ́. "Bí mo bá ní mo kun ilé ní funfun, ilé ni àbọ̀, ohun tí mo ṣe iṣẹ́ náà sí. Funfun ló sọ fún wa ohun tí mo sọ ilé náà dà, òun ni àṣekún rẹ̀. Ẹ gbìyànjú ọ̀kan lédè Gẹ̀ẹ́sì."

"Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé?"

"Ẹ̀yin gan-an. Àwa ti dáhùn tiwa."

Ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: "My father calls me useless." Bàbá mi ń pè mí ní aláìwúlò.

Ojú ti télọ̀, ó fẹ́ pa á rẹ́, àmọ́ tíṣà ti dìde.

"Gbólóhùn yìí péye," ó ní. "Ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ni mi ò fara mọ́." Ó fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. "Tá a bá yọ àṣekún yìí kúrò, kí ló kù?"

"My father calls me." Bàbá mi ń pè mí. Télọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá nìyẹn, Tíṣà. Ká ní ó tiẹ̀ ń pè mí ni, inú mi ì bá dùn."

Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá rẹ̀, òun nìkan ló ń gbélé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọjọ́ tí èsì kẹrin jáde lòun àti ọmọ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ó ti pé ọdún méjì.

Láti Sátidé yẹn ni télọ̀ ti ń dúró lẹ́yìn kíláàsì. Tíṣà á nu pátákó, òun á máa to àga, wọ́n á sì jọ tún iṣẹ́ wò. Ọkùnrin náà máa ń fetí sílẹ̀ bí ẹni pé gbogbo ohun tí obìnrin náà bá sọ ni wọ́n máa bi í nínú ìdánwò. Tíṣà sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ télọ̀ lára, ó sì bà á lẹ́rù. Ẹni tó ń fi wíwá àṣìṣe jẹun, kí ló máa rí lára òun?

Ní oṣù kẹta, tíṣà na bébà kékeré kan sí i. "Abẹ́rẹ́, ẹ bá mi wá àṣekún inú èyí."

"You have made my Saturdays short."

Télọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Àwọn Sátidé yín ni àbọ̀. Short ni àṣekún. Ẹ ní mo ti sọ Sátidé yín di kúkúrú." Ó gbójú sókè. "Kí ni mo ṣe sí i?"

"Ẹ máa ń lọ sílé ni."

Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ibi tó máa kówọ́ sí. "Ṣé mo lè yéé sọ 'ẹ' fún yín báyìí?"

"Mo ti ń retí ìyẹn tipẹ́, ayanfẹ́ mi."

"Ìwọ náà, yéé sọ ọ́ fún mi."

Nígbà tí tíṣà lọ rí bàbá láti tọrọ ọmọ rẹ̀, bàbá ò fi àga lọ̀ ọ́. "Ìwọ tó ò ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò gbọ́ ọ lo fẹ́ fẹ́," ó ní. "Ọjọ́ tó bá yege ni kó o padà wá."

Tíṣà ò fi ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún télọ̀. Télọ̀ sunkún títí ó fi sú u, lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó sì jókòó ti ìwé rẹ̀. Ó ṣe ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún. Nígbà tí èsì dé, ó yege.

"Jẹ́ ká gbé e lọ fún Bàbá lónìí," ni tíṣà wí, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Rárá, ọkàn mi. Bí mo bá gbé ìwé yìí lọ, ìwé ló máa gbà wọlé, kì í ṣe èmi. Ọwọ́ òfo ni mo ń gbé lọ."

"Tó bá kọ̀ ńkọ́?"

"A ó fẹ́ra wa náà. Àmọ́ mo fẹ́ kó wà níbẹ̀."

Bàbá ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ti rù gan-an. Pínnì ló fi so ìbàdí sókòtò rẹ̀ pọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí télọ̀ ti tò sílẹ̀ fò lọ. "Ẹ bọ́ ọ, Bàbá, kí n dín in wọlé fún yín."

Bàbá kùn díẹ̀, àmọ́ ó lọ wọ òmíràn. Télọ̀ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ń rán an.

"Mo gbọ́ pé èsì ti jáde," bàbá ní. "Ṣé o yege?"

"Mi ò ní sọ fún yín, sà." Ó ń rán an lọ, kò gbójú sókè. "Ọkùnrin tó wá síbí, òun ni mo fẹ́ fẹ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá, bí mo yege, bí mi ò yege. Ọmọ yín ni mí."

Bàbá wo sókòtò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá ẹ ló máa ń bá mi dín wọn," ó ní. "Ó kìlọ̀ fún mi pé ẹnu mi máa lé ọ lọ. Mo ní kí ló mọ̀." Ó jókòó tì í. "Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Ọjọ́ wo lẹ dá?"

Wọ́n gbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba, ní Ọjọ́bọ̀ kan tí oòrùn ràn dáadáa. Nígbà tí wọ́n jáde, tí ìyàwó ń kí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bàbá fa ọkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àna mi," ó rọra bi í, "ṣé ó yege?"

"Ẹ bi í, Bàbá. Ó máa sọ fún yín lónìí."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó mi orí. "Mi ò ní bi í mọ́," ó ní. Ó lọ bá a níbi tó dúró sí, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá a gbé e dé ìdí ọkọ̀.