Iná Lọ Nílé, Wáyà Òkè Kò Kú

Wàsíù tó ń ṣiṣẹ́ wáyà iná ló kọ́kọ́ là mí lọ́yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ní báákónì ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ilé náà ti tóbi jù fún èmi nìkan. Ganiat ọmọ mi ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kano, àwọn ayálégbé ti kó lọ. Tẹlifíṣọ̀n ló kù tó ń bá mi sọ̀rọ̀, òun náà ò gbé àwòrán dáadáa mọ́. Mo ra páìpù onírin gígùn kan ní Ìdúmọ̀tà tí mo fẹ́ fi gbé éríà rẹ̀ tó ń fa àwòrán ga. Mo dúró títí iná fi lọ lọ́sàn-án kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà án sókè.

Wàsíù wà nísàlẹ̀, ó ń wo òpó iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báákónì.

"Màmá, ẹ gbé e sílẹ̀. Jẹ́jẹ́."

"Iná ò sí. Wáyà ti kú."

"Ta ló bá wọn sin ín?"

Mo gbé e sílẹ̀. Ó gòkè wá. Mo fún un ní àga, kò jókòó.

"Ẹ wò ó, Màmá. Níbi tí wọ́n ti ń pèsè iná, agbára rẹ̀ lè tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgbọ̀n fóòtì, ìyẹn ìwọ̀n agbára iná, torí ọ̀nà jìn. Tí agbára rẹ̀ bá kéré, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ṣòfò sọ́nà. Bó ṣe ń sún mọ́ wa ni wọ́n ń dín in kù. Tó bá wọ àdúgbò, ó ku ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Òun ló wà nínú wáyà mẹ́ta tó ga jù yẹn. Tíráńsífọ́mà ló ń sọ ọ́ di nǹkan bí igba ó lé ọgbọ̀n tí tẹlifíṣọ̀n yín lè gbà."

"Iná tó wá lọ ńkọ́?"

"Fíúsì tíráńsífọ́mà yín ló jó. Ti òkè ṣì ń lọ sí Marina. Kò sì dìgbà tí irin bá kàn án. Tó bá ti sún mọ́ ọn jù, iná lè fò bọ́ sí i."

"Ohùn èèyàn ni mo fẹ́ máa gbọ́ nínú ilé."

Ó nàka sí ẹ̀yìn ilé. "Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ gbé e sẹ́yìn ilé, níbi tí wáyà ò gbà."

Ẹ̀yin tí ilé yín wà nítòsí òpó, ẹ gbọ́. Bí iná bá lọ nílé yín, ẹ má rò pé wáyà òkè ti kú. Ẹ má na irin tàbí àkàbà sí i, ẹ má sì kọ́ báákónì sún mọ́ ọn. Bí wáyà bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ jìnnà sí i, kí ẹ pe ilé-iṣẹ́ iná.

Lọ́jọ́ yẹn, mo ti bu oúnjẹ fún Wàsíù, kò dúró jẹ ẹ́.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Àwọn báákónì míì ṣì wà lábẹ́ wáyà tí mo fẹ́ lọ kìlọ̀ fún àwọn tó ni wọ́n."

Mo wò ó láti òkè bó ṣe ń lọ, títí ó fi yà sí ọ̀nà Ìgbòsẹ̀rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.