Balùwẹ̀ Funfun Ilé Màdáámù Yéjídé

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eérú yẹn sílẹ̀. Ta ló tún ń fi eérú fọ táìsì láyé ìsinsìnyí?"

Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ni Jẹ̀mílátù dúró sí tó ń sọ̀rọ̀, ó fajú ro. Ganiyat, ìyá rẹ̀, kò dá a lóhùn. Ó ń fi èèpo àgbọn tó lù di búrọ́ọ̀ṣì tọ́ eérú tó kó wá láti ìdí ààrò ẹja rẹ̀, ó sì ń ha àárín táìsì náà díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Balùwẹ̀ tí ilé ìgbẹ́ bá wà nínú rẹ̀, Ganiyat kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohun tí àfáà kọ́ wọn láti kékeré nìyẹn. Ẹni tó bá pè é, á dúró títí yóò fi jáde.

Ọdún 1978 ni. Owó epo ń ṣàn, ó sì ṣàn dé ọ̀dọ̀ ọkọ Màdáámù Yéjídé, kọngílá tó kọ́ ilé ńlá sí Àgbádárìgì, tó fi táìsì funfun bo balùwẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè. Ṣùgbọ́n owó kò lè bá afẹ́fẹ́ òkun jà. Ọ̀rinrin kò jẹ́ kí ara ògiri gbẹ. Kí ọdún kan tó pé, èéhù dúdú ti gba gbogbo ojú sìmẹ́ńtì funfun tó wà láàárín táìsì, ó rí pátipàti.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yìí ni Màdáámù pe Ganiyat, tó máa ń bá wọn tún ilé ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ ẹja yíyan, ó sì fún un ní ìgò bílíìsì kan, omi tó ń mú nǹkan funfun. "Ìyá Jẹ̀mílátù, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá sùn síbí lónìí. Tí balùwẹ̀ yìí bá mọ́ kó tó dé, màá fa ọmọ yín lé e lọ́wọ́."

Ìwé karùn-ún girama ni Jẹ̀mílátù wà. Kò sí ohun tó ń fẹ́ láyé tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ògiri kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ ti fọ̀ tán, ọkàn ọmọ náà kò balẹ̀ mọ́.

Ganiyat jáde láti lọ kírun Ayílà. Ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Fara balẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tí mo bá dé, màá fi bílíìsì Màdáámù parí èyí tó kù."

Bó ṣe yíjú báyìí, Jẹ̀mílátù sáré lọ bá Dosu, ará Ajido tó ń lẹ táìsì nílé kejì. Dosu bu omi kan fún un nínú agolo.

"Ásíìdì ni o," ló wí, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tí Ègùn ń hàn nínú rẹ̀. "Òun la fi ń ṣí sìmẹ́ńtì tó bá gbẹ mọ́ táìsì. Ṣí fèrèsé. Má jẹ́ kí bílíìsì tàbí ohunkóhun kàn án, èéfín burúkú ló máa ń yọ. Kí o sì sọ fún ìyá ẹ!"

"Mo ti gbọ́, ẹ ṣé."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó da ásíìdì náà sára ògiri, ó hó yaya, dúdú náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ṣùgbọ́n ó mọ ìyá rẹ̀. Tó bá gbọ́ pé ásíìdì ni, á ní kí wọ́n fi omi ṣàn án dànù, wọn á sì padà sídìí eérú. Ọmọ náà gbé agolo pamọ́. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bílíìsì díẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, kò sọ.

Ganiyat wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, torí pé kọngílá àti àwọn àlejò rẹ̀ wà ní pálọ̀. Jẹ̀mílátù jókòó sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó gbọ́ tí omi dà sára ògiri. Ó gbọ́ ikọ́. Ó gbọ́ tí garawa ṣubú. Ó lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ìyá mi, ó ti ń funfun, àbí?"

Kò sí èsì. Ó rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ kì í kúkú sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó padà lọ jókòó, ó ka ojú ìwé mẹ́ta. Ìgbà tí òórùn kan dé imú rẹ̀, tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ló tó sáré lọ ṣílẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nà sí ìdí ilẹ̀kùn.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà béèrè pé, "Kí ló fà símú?"

"Bílíìsì nìkan ni, sà," Jẹ̀mílátù ló dáhùn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Jẹ̀mílátù kò tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta ló jẹ́wọ́, nígbà tí ìyá rẹ̀ kò lè mí mọ́ láìjókòó. Dókítà ní, "Ká ní o ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a ì bá ti mọ ohun tí à ń bá jà."

Ganiyat gbọ́ láti orí ibùsùn. "Ìwọ lo dà á síbẹ̀?"

"Ẹ dárí jì mí, ìyá mi."

Ìyá náà kọjú sí ògiri.

Kò kú. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gba èéfín mọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ẹja yíyan ló ń bọ́ wọn. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Gberefu, lódìkejì ọ̀sà. Jẹ̀mílátù fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí ìdánwò tó dé, ó bọ́ sídìí ààrò dípò ìyá rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì dé, ó sùn, ó lọ, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ kankan fún un. Ní ti balùwẹ̀ náà, ásíìdì ti jẹ sìmẹ́ńtì àárín táìsì, èéhù sì padà síbẹ̀ kí òjò tó dá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Jẹ̀mílátù máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo ìyá rẹ̀. Ìyá á béèrè ẹja, á béèrè igi ìdáná. Kò béèrè ìwé mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ kò bá lè sọ fún ìyá yín, ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Jẹ̀mílátù náà sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kẹta.