Ẹni Tí Tẹjú Ń Pè Ní Àǹtí

Okùn funfun kan ni obìnrin náà gbé kọ́ ọrùn wọlé, okùn tí wọ́n ta kókó márùn-ún sí, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ padà sẹ́yìn. Arẹwà ni, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹwà yẹn ló jẹ́ kí Ọlálérè sọ ọ̀bẹ tó fi ń gé páálí sílẹ̀. Láti ọdún mẹ́rin tó ti ń ṣe àga fún àwọn ọmọ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, kò tíì rí ẹni tó wá gba àga láìgbé ọmọ wá.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni obìnrin náà wí. "Ìwọ̀n ọmọ ló wà lórí okùn yìí. Kókó àkọ́kọ́ sí ìkejì, ìdí sí orúnkún nìyẹn."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

"Àǹtí, okùn kì í jókòó. Ẹ gbé ọmọ wá."

Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni àwọn òbí tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìsọlọ̀, nítòsí ibi tí àwọn tírélà ti ń yà wọ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Àǹtí Beatrice, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló dá ìpàdé náà sílẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìyá bí wọ́n ṣe ń na ẹsẹ̀ tó le gbagidi, bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ kí oúnjẹ má pá a lórí, àti bí wọ́n ṣe ń wá ilé ìwé tó máa gbà á láìfi ojú burúkú wò ó. Wọ́n á so ìyá méjì pọ̀, kí ọ̀kan máa bá èkejì tọ́jú ọmọ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, kí onítọ̀hún lè sùn, tàbí kó tiẹ̀ lọ dirun. Páálí ni wọ́n fi ń ṣe àga wọn. Ọlálérè á ṣa páálí tí àwọn ilé iṣẹ́ dà nù, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n léra títí tó fi máa le bíi pákó, á gé e bá ara ọmọ mu, á wá fi ọ̀dà kùn ún.

"Páálí lẹ fẹ́ kí ọmọ jókòó lé?" ni obìnrin náà bi í.

Ọlálérè gun orí àga kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó sì fò sókè lẹ́ẹ̀mejì lórí rẹ̀. Ẹnu ya obìnrin náà débi pé okùn bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

"Àbí ọmọ yín wúwo jù mí lọ ni?"

"Kì í ṣe ọmọ mi." Kíá ló sọ ọ́. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Hassanat ni mí, àǹtí rẹ̀."

Irọ́ ni o. Hassanat fúnra rẹ̀ ló bí Tẹjú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọmọ tó pẹ́ kó tó sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Nígbà tí Tẹjú pé ọmọ ọdún méjì tí ọrùn rẹ̀ kò dúró, bàbá rẹ̀ ní kò sí irú rẹ̀ nínú ìran àwọn, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin mìíràn tó ní òun fẹ́ Hassanat wá kí i nílé, ó rí ọmọ lórí ẹní, ó ní òun gbàgbé nǹkan sínú mọ́tò, a ò rí i mọ́ di òní. Ìyẹn ni ìyá Hassanat ṣe ní kí wọ́n kó kúrò ní Ìwó wá gba yàrá sí Apakun níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ la máa pè é," ni ìyá rẹ̀ wí, "kí ìwọ náà lè rí ilé ọkọ gbé."

Wọ́n wá kọ́ Tẹjú. Tí àlejò bá béèrè pé, "Ta ni èyí?" kó dáhùn pé, "Àǹtí." Ahọ́n ọmọ náà wúwo, àwọn èèyàn sì ń sọ pé kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì péré ló fi mọ èyí. Nígbàkígbà tó bá sọ ọ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n á fún un ní bisikíìtì. Inú máa ń bí mi tí mo bá dé ibí yìí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Hassanat pọn Tẹjú wá. Ọlálérè dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó lè wọn gìgísẹ̀ rẹ̀, ó sọ fún ọmọ náà pé, "Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta mí nípàá." Tẹjú rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi dà sí i lórí. Ọlálérè kò nù ún. Hassanat rí i pé kò nù ún.

Àga tí wọ́n ń fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe wá di ti oṣù kan. Lónìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ga jù. Lọ́la, ibi ìgbọ́wọ́lé fún jù.

"Ọlálérè, ṣé àga ọba lò ń ṣe ni?" ni Àǹtí Beatrice bi í.

Ṣé ẹ rí i, bí wọ́n bá ti ń tú ká, Ọlálérè ló ń gbé Tẹjú dé ibùdókọ̀. Ibi ìfọṣọ kan ní Àjàó Estate ni Hassanat ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú ló ń lọ̀.

"Ṣẹ́ẹ̀tì tèmi rún," ni Ọlálérè wí.

"Mo rí i. Gọ́ọ̀mù ló tún gbé e dúró yẹn. Irin mi ò lè lọ gọ́ọ̀mù, ẹ má bínú."

"Títí láé lẹ ó máa kí mi ní 'ẹ' yìí ni? Kí ni oríkì yín?"

"Àṣàkẹ́."

"Àṣàkẹ́ mi, ó dàbọ̀."

"Ta ló fi mí fún ọ?" ni Hassanat wí. Bí "ẹ" ṣe bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Lóṣù kẹta, Ọlálérè ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Hassanat ní òun gbà, ó wá wọ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lọ sunkún. Gbogbo Sátidé ló ń múra láti jẹ́wọ́, gbogbo Sátidé sì ni ẹ̀rù ń pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Tó bá sọ ọ́, ọkọ lè lọ. Tí kò bá sọ ọ́, àǹtí ọmọ rẹ̀ ni yóò jẹ́ wọ sàréè.

Àfi bí ìyá Ọlálérè ṣe dé sí gbọ̀ngàn láti Ṣàgámù lọ́jọ́ kan láìránṣẹ́ ṣáájú, ó ní òun wá wo ìyàwó. Orí ẹní ló bá Hassanat níbi tó ti ń na ẹsẹ̀ Tẹjú.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, Màámi," ni Ọlálérè fi ìgbéraga wí. "Òun ló ń tọ́jú ẹ̀."

Inú màmá dùn, ó gbé ohùn sókè. "Ọmọ ọlọ́mọ ló ń tọ́jú báyìí. Hassanat, Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní tìrẹ, ọmọ tára ẹ̀ dá ṣáṣá."

Àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ kò ṣe àmín. Ọwọ́ Hassanat dúró lórí ẹsẹ̀ Tẹjú.

"Mo ti ní tèmi, mà," ni ó wí. "Èmi ni mo bí Tẹjú."

Màmá fẹ̀yìn rìn, ó sì já jókòó sórí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àga Tẹjú ni.

"Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?" Ó yíjú sí ọmọ náà, bí ẹni pé òun nìkan ló kù tí kò lè purọ́. "Ọmọ dáadáa, ta ni èyí?"

Ojú Tẹjú tàn yòò. Ìbéèrè tó mọ̀ jù láyé nìyẹn. Ó kó ẹnu jọ, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní, "À...ǹ...tí." Ó wá ń wo ojú Hassanat, ó ń retí àtẹ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Hassanat dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ọlálérè wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ, ó sì jáde.

Màmá yíjú padà sí Hassanat. "Ẹ kọ́ ọ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi àti ìyá mi."

"Ọmọ yìí tí wọ́n ní kò mọ nǹkan kan?"

"Ó mọ̀, mà."

"Èmi náà ti rí i." Ó fẹ́ dìde, àga bá a dìde, àfìgbà tí ìyá méjì fà á bọ́ nídìí rẹ̀. "Ọmọ tó bá lè kọ́ ìyẹn, ó lè kọ́ òmíràn. Nu ojú ẹ."

Láàárín òkìtì páálí ni Hassanat ti bá Ọlálérè.

"Ta lo rò pé mò ń ṣe àga fún láti ọdún mẹ́rin?" ni ó bi í.

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù tèmi?"

"Ẹ̀rù pé o máa lọ. Àwọn tó ṣáájú rẹ lọ."

"Ó dùn mí, Àṣàkẹ́. Kì í ṣe pé o bí i. Pé o kà mí mọ́ wọn."

Ọlálérè kò wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò sì wá ní èyí tó tún tẹ̀ lé e. Hassanat wá ní méjèèjì. Ní Sátidé kẹta, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn òun.

"Kí ni Tẹjú ń pè ọ́ báyìí?"

"Àǹtí ṣì ni."

Ó jókòó tì í lórí ẹní. "Jẹ́ ká jọ kọ́ ọ."

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n fi kọ́ ọ. "Màámi," ni Ọlálérè á wí, á nawọ́ sí Hassanat. Tẹjú á rẹ́rìn-ín, á ní, "Àǹtí," á sì máa wá bisikíìtì rẹ̀ kiri. Ìyá Ọlálérè ránṣẹ́ pé àwọn ò ní dúró de ẹnu ọmọdé, kí wọ́n dá ọjọ́ ìdána.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ìdílé méjèèjì pàdé ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá Hassanat ní Ìwó. Bàbá Fákúnlé, àgbà ilé ọkọ, ló ń gbàdúrà. Hassanat wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú léèsì aláwọ̀ osùn, gbogbo orí ló tẹ̀ ba, Tẹjú wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí Beatrice.

"Mà...á...mi."

Kò pariwo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́. Bàbá Fákúnlé dákẹ́ sáàárín àdúrà. Ìyá Hassanat fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Màámi. Ìtọ̀."

Ìyàwó kì í dìde lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí àgbà ilé ọkọ bá ń gbàdúrà fún un. Hassanat dìde. Ó káṣọ sókè, ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí àga, ó gbá a mọ́ léèsì, ó sì gbé e kọjá níwájú gbogbo wọn lọ sẹ́yìnkùlé. Kò kánjú. Kò sì sẹ́ni tó ní kó kánjú.

Nígbà tó padà dé, tó gbé Tẹjú jókòó, ojú ti ń tì í.

"Ṣó ti tọ̀ tán?" ni Bàbá Fákúnlé bi í.

"Ó ti tọ̀ tán, sà."

"Ó dáa. Ìyá Tẹjú, wá kúnlẹ̀."

Hassanat kúnlẹ̀, Ọlálérè dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá sì tún àdúrà náà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀.