Omi Kòtò Irin Kò Wo Sòbìà

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní Òkè-Iléru, ìlú kékeré tó wà láàárín Ìjerò àti Àrámọ̀kọ, síbẹ̀ èbù iṣu ṣì wà nínú àká. Ogun ti kó àwọn ọkùnrin tó lágbára lọ sí ibùdó. Àwọn tó kù nílé, sòbìà ti dá wọn jókòó.

Àbẹ̀ní fara ti èjìká Fádípẹ̀, ọkọ rẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Orí sòbìà funfun ti yọ ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń jó o bí iná. Fádípẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tiro, sòbìà èṣí ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Òun nìkan kò lè kọ ebè tó. Bí Àbẹ̀ní kò bá tètè dìde, èbù á jẹrà, kí ni Ọmọ́wùmí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, yóò wá jẹ?

Kòtò tí àwọn baba wọn ti wa òkúta irin ni wọ́n ń lọ. Láti ìgbà tí irin òyìnbó ti gba ọjà ni iná iléru ti kú, òjò sì ti sọ kòtò náà di adágún. Ibẹ̀ ni ìlú ti ń pọnmi mu. Wọ́n sì ní bí omi tí alágbẹ̀dẹ fi ń pa irin gbígbóná bá ń wo egbò, omi tó sùn ti òkúta Ògún yóò wò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò bá wọn jiyàn?

Yèyé Fádùnsìn ni. Opó arúgbó yìí ló ń se oúnjẹ fún àwọn awarin nígbà ayé wọn. Ó dábùú ọ̀nà, ó ní kí wọ́n padà sí ulé.

Inú bí Fádípẹ̀. "Yèyé, èmi náà ti ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ léṣìí, ara sì tù mí."

"Ta ló ń mu omi ibẹ̀ léṣìí?"

Fádípẹ̀ wo ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀.

Yèyé ṣàlàyé pé bí sòbìà bá ti kan omi, ńṣe ló ń da ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá mu ún, ó di bí ọdún kan kó tó yọ. Láyé iléru, ìdá kan nínú mẹ́wàá irin ni wọ́n ń gbé fún Ọlọ́jà, ọba ìlú, òun ni Ọlọ́jà fi ń bọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ìsun omi ìdí òkè àti àwọn tó ń ro ọ̀nà rẹ̀. Ẹlẹ́sòbìà kì í débẹ̀, aládùúgbò ní í pọnmi fún un. Nígbà tí iṣẹ́ irin parí, ẹ̀ṣọ́ lọ sílé, igbó bo ọ̀nà, gbogbo ìlú wá yà sí kòtò tó sún mọ́ wọn.

Wọ́n padà sílé. Yèyé fi omi wẹ ẹsẹ̀ náà nínú igbá, ó dà á nù sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó ń wé sòbìà mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, torí bó bá já sínú, ẹsẹ̀ lè bàjẹ́.

Fádípẹ̀ lọ jẹ́wọ́ ohun tó ṣe níwájú Ọlọ́jà àti àwọn ìjòyè, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ padà sí ìsun omi. Ọlọ́jà ní ààfin kò ní ohun tí yóò fi bọ́ ẹ̀ṣọ́ mọ́.

Fádípẹ̀ ní, "Kábíyèsí, ká tún ọ̀nà ìsun omi ro, ká sì máa ṣọ́ ìsun náà lójúlé lójúlé. Ulé tèmi ni kó ṣáájú."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Àbẹ̀ní dìde, ṣùgbọ́n ìdajì èbù ti jẹrà. Ọmọ́wùmí sì ti mu omi kòtò kí Yèyé tó sọ̀rọ̀, ọdún kò sì tíì pé. Ní àràárọ̀ ni Fádípẹ̀ ń fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà wò, ẹ̀rù ń bà á.

Ẹ̀yin ará, kí sòbìà tó degbò ni ká ti ké sí Olúgànbe. Ẹni tí sòbìà yọ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ omi mímu, ẹ bá a pọn ọ́n. Bó bá jẹ́ omi adágún nìkan lẹ ní, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ kí ẹ tó mu. Bí àpò ìlú bá gbẹ, ẹ má jẹ́ kí ìṣọ́ omi dópin. Omi tí Fádípẹ̀ fi tu ara rẹ̀ lójọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ló fẹsẹ̀ jìyà rẹ̀.