Ọ̀nà Kejìlá Nínú Ilé Búrẹ́dì

Ènìyàn mọ́kànlá ló bọ́ bàtà tí wọ́n rìn lórí fúláwà náà lọ́jọ́ Sunday yẹn. Ọ̀nà méjìlá ni ẹsẹ̀ là sílẹ̀.

Múyìwá Adéwọ̀yìn ló kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó sórí àkàbà, ó ń wo ilẹ̀ láti òkè, ó ń fi pẹ́ńsù fa ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Nígbà tó parí, ó ka iye wọn. Ó tún un kà.

"Ta ló rìn lẹ́ẹ̀mejì?"

"Òjó ni," ẹnì kan dáhùn. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé."

"Ẹ má purọ́ mọ́ mi o," Òjó ní. "Èmi tí mò ń wa bọ́ọ̀sì láti Monday dé Friday, ibo ni n ó ti rí ẹsẹ̀ tí n ó fi rìn lẹ́ẹ̀mejì? Ìdí ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní tèmi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Tàjùdéèn. Ọ̀nà kejìlá yẹn ló ń wò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ fúláwà dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì kò gbéra tán; ó ń wọ́, ó ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀lé ara rẹ̀. Tàjùdéèn mọ ìrìn náà. Ó ti gbọ́ ọ nínú yàrá ìdáná rẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Ilé búrẹ́dì tó ti wà ní títì fún ọdún mẹ́sàn-án ni ilé náà, ní ìhà gúúsù Chicago. Ẹgbẹ́ ọmọ Ìkirè, Mùsùlùmí àti Kìrìsítẹ́nì, ló gbà á lọ́dún 1986 láti fi ṣe ilé ìpàdé. Wọn kò gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Múyìwá, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán ilé láàárín ìlú, ló ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Òfin méjì ló ṣe. Ohun tó ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn rí ni wọn yóò fi kọ́ ọ, ìdílé kọ̀ọ̀kan ni yóò sì mú nǹkan wá láti ibi tó ti gbé rí. Èkejì, òun kò ní fa ògiri kankan sínú ìwé títí ẹsẹ̀ àwọn tó ni ilé yóò fi sọ ibi tó yẹ kó wà.

Wọ́n bá àpò fúláwà mẹ́rìndínlógún nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, kòkòrò ti jẹ ẹ́. Òun ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ pẹlẹbẹ. Múyìwá ní kí kálukú máa rìn bí ẹni pé ọjọ́ ìpàdé ni: kó wọlé, kó kí ènìyàn, kó gbé oúnjẹ, kó wá ibi tí yóò ti kírun.

"Ibi tí ẹsẹ̀ bá gbà," ó ní, "a kò ní dí i. Ibi tí ẹsẹ̀ kò bá dé ni ògiri máa wà."

Òjó kó bíríkì wá láti ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń wó. Àwọn kan gbé ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wá. Ilẹ̀kùn ni Tàjùdéèn gbé wá.

Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ni, ti fúláàtì tí òun àti Kàfáyàtù, ìyàwó rẹ̀, gbé fún ọdún mẹ́rin. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wó ilé náà ló lọ tú u tòun ti férémù rẹ̀. Lẹ́bàá kọ́kọ́rọ́, àbàwọ́n epo ọwọ́ Kàfáyàtù ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ Saturday, ọjọ́ kan ṣáájú ìrìn orí fúláwà, Tàjùdéèn nà án ró láàárín gbọ̀ngàn tó ṣófo, ó fi igi tì í lọ́tùn-ún lósì. Kò sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òjó lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó kàn án gbà-gbà.

"Àgò o, onílé!"

"Àgò yà o!" ni gbogbo wọn dá a lóhùn.

Òjó ṣílẹ̀kùn, ó tẹrí ba wọlé bí àna tó wá tọrọ ìyàwó. Bẹ́ẹ̀, ó lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, Tàjùdéèn nìkan ló kù. Ó kúnlẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń ṣa ìṣó sínú agolo. Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ohùn obìnrin, jẹ́jẹ́.

"Àgò o."

"Àgò yà," ni ẹnu rẹ̀ sọ.

Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹnu tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré ló dáhùn fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà a máa kìlọ̀ pé kí a wo ojú ẹni tó ń tọrọ ọ̀nà kí a tó yàgò fún un. Tàjùdéèn kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi máa yíjú padà, ilẹ̀kùn ti ṣí ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Kò sí ènìyàn. Òórùn òrí ló wà níbẹ̀, irú èyí tí Kàfáyàtù máa ń fi pa ẹsẹ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kejì. Ẹnu ilẹ̀kùn náà ni ọ̀nà kejìlá ti bẹ̀rẹ̀. Ó lọ tààrà sí igun tí ààrò búrẹ́dì wà tẹ́lẹ̀, ó parí síbẹ̀. Kò padà.

Oṣù mẹ́jọ ni Kàfáyàtù ti kú. Ìtọ̀ ṣúgà ló bá a jà. Ojú egbò kan ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kọ̀, kò jinná, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ náà nílẹ̀. Àárín ìgbà yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ pe Tàjùdéèn pé bàbá rẹ̀ kú ní Ìkirè. Kàfáyàtù ní kó máa lọ, òun yóò dúró dè é. Wáyà tí wọ́n tẹ̀ sí i kò bá a. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ balẹ̀ ní Chicago, ìyàwó rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mùsùlùmí kì í gbé òkú pamọ́ de ẹnikẹ́ni. Kò bínú sí ẹni tó sin ín. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀, òun ni kì í jẹ́ kó sùn: ṣé Kàfáyàtù bínú sí òun kó tó lọ?

Ó bá Múyìwá lábẹ́ àkàbà.

"Fà á sínú ìwé."

"Bùọ̀dá Tàjù, ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ìwọ lo ṣòfin. Ibi tí ẹsẹ̀ bá gbà."

Múyìwá mú pẹ́ńsù, ó sì fà á. Bí yàrá kékeré ṣe wọ inú ìwé nìyẹn, ní igun ààrò, tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Tàjùdéèn fi kọ́ ọ. Bó bá kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní yàrá ìdáná ọsibítù ní Hyde Park, ibẹ̀ ló ń gbà lọ. Nígbà tí ògiri ga tó èjìká, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú yàrá.

"Tàjù mi, ṣé o ti jẹun?"

Ó jókòó sórí bíríkì, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Kàfáyàtù, ṣé o bínú sí mi?"

Ẹsẹ̀ kan wọ́ nílẹ̀, ṣà-à-à.

"Tàjù mi, ṣé o ti jẹun?"

Lọ́jọ́ mìíràn ohùn náà á ní, "Wọ fìlà rẹ, òtútù ń bẹ níta." Lọ́jọ́ mìíràn, "Bá mi gbé ìkòkò yẹn kalẹ̀." Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Kàfáyàtù ti bá a sọ rí. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tuntun, kò sì dáhùn ìbéèrè kan náà tó ń bi í. Tàjùdéèn ń rù. Ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró mọ́ ní ìdí.

Òjó ló fóònù sí Àǹtí Àdùfẹ́, ẹ̀gbọ́n Kàfáyàtù, tó ń tọ́jú aláìsàn ní Evanston. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá lọ́jọ́ Friday, nínú òtútù. Tàjùdéèn dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku fúláwà.

"Dìde," ó ní. "Wọ́n ní o ń kọ́lé fún àbúrò mi."

"Ó ti dé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá a."

Àdùfẹ́ wo ilẹ̀. Ọ̀tún tẹ̀, òsì wọ́. Ọ̀tún tẹ̀, òsì wọ́. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará inú yàrá gbọ́.

"Tàjù, èmi ni mo wẹ òkú rẹ̀."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"O kò mọ̀. A ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ. Nígbà tí o wà ní Ìkirè, ẹsẹ̀ òsì yẹn jẹrà, wọ́n gé e láti orúnkún. Ẹsẹ̀ kan ni àbúrò mi gbé wọ sàréè."

Tàjùdéèn di ògiri mú.

"Wọ́n fún un ní ọ̀pá abíyá, ọ̀kan tó ní rọ́bà nídìí," Àdùfẹ́ ń bá a lọ. "Ọjọ́ méjì ló fi kọ́ ìrìn. Mo ní kó sinmi, ó kọ̀. Ó ní òun yóò fi ẹsẹ̀ òun pàdé ọkọ òun lẹ́nu ọ̀nà, kó má baà bá òun lórí ibùsùn. Kò bínú sí ọ, Tàjù. Òru ọjọ́ kejì ni ọkàn rẹ̀ dúró."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́jọ, Tàjùdéèn mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n Àdùfẹ́ nàka sí ilẹ̀.

"Ẹsẹ̀ méjì nìyí. Ẹsẹ̀ tí o fi sílẹ̀ nígbà tí ò ń lọ sí Ìkirè ni. Ọ̀rọ̀ tó ń bá ọ sọ, ṣé ó kọjá èyí tí o ti gbọ́ rí?"

"Kò kọjá á."

"Ohun tó wà níbẹ̀, ohun tí o mọ̀ nìkan lòun náà mọ̀. Inú rẹ ló ti ń kó o. Ta lo yàgò fún?"

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ tó ń wọ́ náà ti dúró, bí ẹni tó ń tẹ́tí.

Wọn kò lè lé e jáde. Ẹni tí onílé bá ti yàgò fún, àlejò rẹ̀ ni. Múyìwá ní ohun tó ṣẹ́ kù ni kí wọ́n mọ bíríkì dí ẹnu ọ̀nà náà, ilẹ̀kùn nínú, ògiri níta. Ní àárọ̀ Saturday, ó tún fúláwà tẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kí wọ́n lè rí bí nǹkan kan bá jáde. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú ilé sílẹ̀ fún kíkó bíríkì wọlé. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti fi omi gbígbóná po símẹ́ńtì, torí omi tútù ń dì. Fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn.

Nígbà tí wọ́n padà, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ṣí díẹ̀.

"Ṣebí ẹ ti tì í, Bùọ̀dá Tàjù?" Òjó bi í. Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fẹsẹ̀ tì í pa, ó sì gbé bíríkì àkọ́kọ́ kalẹ̀.

Wọ́n ń mọ ọ́n kíákíá. Kò sí ẹni tó ń ṣàwàdà, àní Òjó pàápàá. Nígbà tí ó ku bíríkì mẹ́ta, ohun kan kan pákó ilẹ̀ nínú yàrá. Kó. Kó.

"Páìpù tó ń mú ilé gbóná ni," Òjó sọ, ó sì sáré gbé bíríkì mìíràn lé e.

Lẹ́yìn náà ni Tàjùdéèn gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù wà nínú rẹ̀.

"Tàjù, ta nìyí níbí?"

"Má dá a lóhùn," Àdùfẹ́ sọ sí i létí. Kò dáhùn. Ó fi bíríkì tó kẹ́yìn dí ojú ihò náà.

Àwọn yòókù lọ jẹun nílé Òjó. Tàjùdéèn ní òun yóò gbálẹ̀ kí òun tó tẹ̀ lé wọn. Ó gbé ìgbálẹ̀, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà iwájú láti da ìdọ̀tí nù, ó sì dúró.

Yìnyín ti bo ọ̀nà ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì. Láti ojú títì wá sí ẹnu ilé, ẹsẹ̀ ọ̀tún kan tẹ yìnyín, ihò kékeré róbótó kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan, ihò kan. Ọmọ ìka gbogbo kọjú sí ilé. Kò sí èyí tó ń padà lọ.

Ó yí padà sínú gbọ̀ngàn. Bàtà àwọn òṣìṣẹ́ ti da àárín fúláwà rú, ṣùgbọ́n lẹ́bàá ògiri, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbà, ó rí i: ẹsẹ̀ kan, ihò kan, ẹsẹ̀ kan, ihò kan, títí dé ìdí bíríkì tuntun. Ìdajì ihò tó kẹ́yìn ló hàn. Bíríkì àkọ́kọ́ jókòó lé ìdajì yòókù.

Ìgbà náà ló yé e pé Kàfáyàtù kò bi òun rí pé, "Ta nìyí níbí?" Ọ̀rọ̀ tuntun ni.

Ó gbé òòlù. Símẹ́ńtì kò tíì gan. Lílù mẹ́ta péré ló ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé e sókè, ó rántí pé ìdí yàrá yìí gan-an ni Àdùfẹ́ dúró sí tó fi sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n gé àti ọ̀pá abíyá. Òun ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Ohun tí òun bá sì ti mọ̀, ohun inú yàrá yẹn náà ti mọ̀ ọ́n.

Ó fi etí ti ògiri.

Nínú yàrá, ọ̀pá kan kan ilẹ̀. Kó.

Lẹ́yìn náà, láti igun kejì, ọ̀pá mìíràn dá a lóhùn.

Tàjùdéèn dúró pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, símẹ́ńtì ń gan lọ.