Òkìtì Ẹ̀yìn Ilé Kọ́mọláfẹ́

Ẹni tó bá mọ Ganaja ní Lọ́kọ́ja nígbà tí kẹ̀kẹ́ kò tíì pọ̀ lọ́nà Àjàòkúta yóò rántí ṣọ́ọ̀bù Kọ́mọláfẹ́, níbi tó ti ń ta sìmẹ́ǹtì. Ọkùnrin gíga ni, ẹlẹ́nu dídùn, agbéraga. Gbogbo ayé ló ń kí, Ọlọ́run nìkan ni kì í yà kí.

Ìyá Dúpẹ́, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ni aládùúgbò rẹ̀. Kò sú u láti pè é wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èsì kan náà ni Kọ́mọláfẹ́ máa ń fún un: "Ìyá, ẹ ní kí Jésù yín wá ra àpò méjì ná. Tó bá rà, èmi náà á wá."

Ìyá Dúpẹ́ á rẹ́rìn-ín. "Kọ́mọ, ó ti rà ọ́ tán. Ìwọ lo ò jẹ́ kó gbẹ́rù ẹ̀."

Tèmilọlá, ìyàwó Kọ́mọláfẹ́, bí àkọ́bí wọn lọ́kùnrin. Ọmọ náà kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Kò tíì lórúkọ tó fi lọ.

Àwọn àgbà tí ì bá sin ín wà lábúlé, ọ̀nà sì jìn, nítorí náà Kọ́mọláfẹ́ ló gba òkú ọmọ náà. Kí Tèmilọlá tó ti ilé ìwòsàn dé, òkìtì kékeré kan ti wà lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ lẹ́yìn ilé. Ọkọ rẹ̀ ní ibẹ̀ lòun tẹ́ ọmọ sí. Ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Má sunkún mọ́." Láti ọjọ́ náà, kò tún sọ̀rọ̀ ọmọ yẹn mọ́.

Ṣùgbọ́n agbè ti sán.

Tèmilọlá kò sunkún. Nírọ̀lẹ́, á gbé àpótí lọ sẹ́bàá òkìtì náà, á kí i bí wọ́n ti ń kíra nílẹ̀ Òkun tí wọ́n ti wá: "Òkun o, ọmọ mi." Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ooru Lọ́kọ́ja ń hó bí omi ẹ̀kọ, á bu omi tútù dà sí i kí ooru má bàa mú ọmọ. Kọ́mọláfẹ́ á máa gbọ́ ọ lójú fèrèsé. Ọtí tó ń mu lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ di ti ojoojúmọ́.

Obìnrin náà tún lóyún. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀, oorun sì dá lójú rẹ̀. Ìyá Dúpẹ́ kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé àìsàn ọkàn kan ń bẹ tó máa ń mú abiyamọ, pàápàá ẹni tó ti pàdánù ọmọ; kì í ṣe èpè, ó sì ní ìtọ́jú. Kó mú un lọ rí dókítà. Ọkùnrin náà dáhùn pé ìrònú lásán kì í ṣe àìsàn nílé tòun.

Nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́jọ, Tèmilọlá sọ fún un jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé: "Ọmọ yẹn kì í dá mi lóhùn. Bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀."

Ọtí dà lọ́wọ́ Kọ́mọláfẹ́. 

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òjò ṣú bo òkè Páàtì, kò sì rọ̀. Ìyá Dúpẹ́ pe Kọ́mọláfẹ́ lórí fóònù pé kó máa bọ̀ nílé. Ó bá ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbẹ́ òkìtì náà dé orí àpáta. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde léèékánná rẹ̀.

"Kò sí níbí," ló wí. "Tí n ò bá rí i, mo máa wọlẹ̀ lọ wá a."

Kọ́mọláfẹ́ ní, "Ìyá, ẹ gbàdúrà fún un."

Ìyá Dúpẹ́ rọra gba ọkọ́ náà. "Mo ti ń gbàdúrà, Kọ́mọ. Ohun téèyàn bá bò mọ́lẹ̀ níwájú Ọlọ́run kì í jẹrà. Híhù ló máa ń hù. Kí lo sin síbẹ̀?"

 Kọ́mọláfẹ́ wólẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àyà mi já. Mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn bá mi sin ín, mo sì gba ilé ọtí lọ. Òkìtì lásán ni mo kó jọ."

Tèmilọlá wò ó títí. "Fìlà tí mo hun fún un, ṣé ó wà lórí ẹ̀?"

"Ó wà lórí ẹ̀. Fìlà yẹn nìkan ni ojú mi gbà láti wò."

Ìgbà náà ni obìnrin náà ké, ẹkún tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá. Ọkọ rẹ̀ bá a sun ún. Nínú yẹ̀pẹ̀ yẹn ló ti ké pe ẹni tó ti fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Jésù, mo ti ṣẹ̀. Wá gbẹ́rù rẹ."

Ìyá Dúpẹ́ kò fi í mọ sórí àdúrà. Lọ́jọ́ náà gan-an ló mú wọn lọ bá dókítà. Ìtọ́jú Tèmilọlá gba ọ̀pọ̀ oṣù. Kọ́mọláfẹ́ náà jókòó níwájú dókítà, nítorí ọ̀fọ̀ kì í ṣe ti ìyá nìkan. Ó kọ ọtí sílẹ̀. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, Olúwa gbé e dìde. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọmọ kejì lórúkọ, orúkọ ọmọ méjì ni wọ́n pè: Ayọ̀olúwa tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, àti Olúwanífẹ́mi tó ti lọ.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, òkìtì wo ló wà lẹ́yìn ilé tìrẹ? Ta ló ń kí i lójoojúmọ́, tí kò gbọ́ èsì? Bí ọkàn aya rẹ bá wúwo, tàbí tìrẹ, má sọ pé agbè kò fọ́. Wá ìrànlọ́wọ́. Èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Jésù tó ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rà ọ́, kí o sì jẹ́wọ́ fún ẹni tí o ṣẹ̀. Ikú náà ní ọkọ́ tirẹ̀, kì í sì í tọrọ àyè kó tó gbẹ́lẹ̀.

Òjò ti ṣú lórí òkè. Òkìtì lásán kì í sì í dúró níwájú òjò. Sọ òótọ́ lónìí.