Fèrèsé Tó Wà Nílé Adìẹ

"Kúú-kú-kú-kú! Vella, ṣé adìẹ yín ti yé lónìí?"

Trey Hollis ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ilé ìwé, gbogbo ọkọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Bí a bá ti ń kọjá níwájú ilé ìwé àtijọ́ Cane Fork báyìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí adìẹ. Ọ̀dà ti bó lára ilé náà tán, páànù orí rẹ̀ ti dógùn-ún. Kí n má parọ́, tí ẹ bá wò ó lójijì, ẹ lè máa wá àkùkọ kiri.

Marvella, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi tí gbogbo wa ń pè ní Vella, kọjú sí fèrèsé ọkọ̀, ó ń gé ètè jẹ. Èmi Skeet, mo bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n ké bí adìẹ ni.

"Skeet, o ń rẹ́rìn-ín?"

"Ikọ́ ni."

"Ikọ́ á pa ẹ́."

Ohun tó ń bí mi nínú rèé. Ìyá àgbà wa, Eulalie Battle, inú ilé yẹn ni wọ́n ti mọ̀wé. Nígbà èwe wọn, ìjọba ò kọ́ ilé ìwé fún ọmọ aláwọ̀ dúdú kankan ní Cane Fork. Àwọn bàbá wọn ló lọ gé igi páìnì, wọ́n là á, wọ́n kàn án. Bàbá Ìyá àgbà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo fèrèsé. Ẹ wá lọ sí kọ́ọ̀tù ìjọba ìbílẹ̀ Sumrall lónìí, ẹ máa rí orúkọ gbogbo ilé tí ìjọba kà sí ilé ìtàn lára ògiri. Ilé ńlá ọ̀gágun kan tó ń kó ẹrú nígbà àtijọ́ wà níbẹ̀. Báńkì wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Ilé tí ẹṣin ọ̀gágun yẹn ń sùn sí wà níbẹ̀, ó tún ní àwo idẹ tí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sí lára! Ẹṣin! Ẹṣin tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi! Ṣé ẹṣin yẹn mọ̀wé ni? Ìṣirò wo ló ṣe? Ilé ìwé tiwa ò sí níbẹ̀.

Lọ́dún náà, ìjọba fẹ́ la títì tuntun fún àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó òkúta níbi tí Mísítà Stroud ti ń fọ́ òkúta tà. Àárín ilé ìwé wa gan-an ni títì náà máa gbà. Ìyá àgbà bá kọ̀wé sí ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n fi ilé ìwé náà kún àwọn ilé ìtàn, torí tó bá ti wọ ibẹ̀, àfi kí títì yà. Ìpínlẹ̀ dáhùn pé obìnrin kan ń bọ̀ wá wò ó. Ṣùgbọ́n kó tó dé, Ìyá àgbà ní láti lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú ní Birmingham. Wọ́n fún Vella ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà.

"Ẹ gbálẹ̀. Ẹ gé koríko. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn títí màá fi dé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Skeet!"

"Kí ni mo ṣe báyìí, Ìyá àgbà?"

"O ò tíì ṣe é. Mo kàn ń bá ẹ wí sílẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ Sátidé, a ń gé koríko lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan dúró. Mísítà Stroud sọ̀ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì kó ẹlẹ́rìndòdò tútù dání. Ẹni tí yóò mú ọ̀bọ á ṣe bí ọ̀bọ.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Eulalie ńkọ́?"

Ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin tí Ìyá àgbà lè bí ní àbíkẹ́yìn, Eulalie ló ń pè wọ́n ṣánṣán. Bó ṣe ń pe ajá rẹ̀ náà nìyẹn.

"Wọn ò sí nílé, sà," Vella dáhùn.

"Mo gbọ́ pé obìnrin ìjọba ń bọ̀. Ṣé bó ṣe máa bá ilé yìí nìyí? Á kàn fi yín rẹ́rìn-ín lásán ni. Ọmọ dáadáa bíi tìẹ, ojú ò tì ẹ́? Wò ó, mo ní fèrèsé tuntun nínú ọkọ̀, mo ní rọ́bà funfun tí wọ́n ń kàn bo ògiri. Ọ̀fẹ́ ni. Kílẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á ti parí ẹ̀. Ṣebí aládùúgbò ni wá."

"Ìyá àgbà ní ká má fọwọ́ kàn án, sà."

"Ọwọ́ tiyín kọ́ ló máa kàn án. Ọwọ́ tiwa ni."

Vella wò mí. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìndòdò wà lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé ohùn Trey ló ń gbọ́ létí, kúú-kú-kú. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ bá wa ṣe é, sà."

Wọ́n ṣe é. Nígbà tí wọ́n parí, ilé ìwé wa funfun bí eyín àtọwọ́dá. Inú Vella dùn débi pé ó dì mọ́ ògiri. Mísítà Stroud tọ́ka sí fèrèsé àtijọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n kó jọ sílẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun dáná sun wọ́n. Èmi wá rò ó pé adìẹ mi ò ní fèrèsé, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ń yọjú sí wọn. Bí wọ́n ṣe ń wá epo tí wọ́n máa fi dáná, mo ń gbé wọn sálọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán. Pákó jíjẹrà ni wọ́n padà wá sun.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Trey ò ké bí adìẹ. Vella jókòó nínú ọkọ̀ bí ìyàwó gómìnà.

Ọjọ́ tí obìnrin ìjọba dé, Míìsì Pruitt, obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà ẹrẹ̀, ọjọ́ náà ni Ìyá àgbà ti Birmingham dé. Wọ́n fi báńdéèjì bo ojú kan. Wọ́n fi ojú kejì wo ilé náà, wọ́n sì dúró gbagidi lójú títì.

Míìsì Pruitt kan ògiri. Pọ̀, pọ̀. Ó mi orí.

"Mà, ẹ kọ̀wé sí wa pé ilé àtijọ́ ni. Ògiri yìí, rọ́bà ni. Fèrèsé yìí ò tíì pé oṣù kan. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó kọ́ ilé la máa ń wá, mi ò sì rí i. Tí mo bá kọ ohun tí mo rí, wọ́n máa kọ̀ ọ́."

"Vella," Ìyá àgbà sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "fèrèsé bàbá mi dà?"

"Ìyá àgbà, Mísítà Stroud ló ní òun fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Ó ní wọ́n máa fi wá rẹ́rìn-ín."

"Stroud? Ọkùnrin tó fẹ́ la títì gba inú ilé kọjá, òun ló bá ẹ ṣe ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́?"

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ báyìí, ó yé èmi olórí dídi pàápàá. Ṣé ẹ rántí ilé ọ̀gágun tó wà lára ògiri kọ́ọ̀tù? Stroud ló ń gbébẹ̀! Ó mọ òfin yìí dénú. Kò pààrọ̀ fèrèsé kan ṣoṣo nílé tiẹ̀ rí. Ó mọ̀ pé tí òun bá wó ilé wa, a máa pariwo. Ló bá fi ẹ̀rín wó o, àwa fúnra wa tún dúpẹ́.

Ìyá àgbà jókòó sórí àtẹ̀gùn. Dókítà ti ní wọn ò gbọdọ̀ sunkún. Wọ́n sunkún.

"Àwọn tó ń fi ilé yìí ṣẹ̀sín, mo mọ̀wé jù wọ́n lọ, ibí ni mo ti mọ̀ ọ́n. Èmi ò tijú rẹ̀ rí, Vella. Ta ló kọ́ ẹ lójútì?"

 Vella sáré lọ gbé irin tí wọ́n fi ń yọ ìṣó, ó tì í bọ abẹ́ rọ́bà, ó fà á. Kràà! Ó tún fà á. Kràà! Omijé ń dà, rọ́bà ń ya. Igi páìnì àtijọ́ yọjú lábẹ́ rẹ̀, ihò ìṣó tuntun kún ara rẹ̀ bí ẹni tí oyin ta.

"Háà, pákó ṣì wà!" Míìsì Pruitt sún mọ́ ọn. "Ká ní fèrèsé náà wà ni..."

"Wọ́n ti sun wọ́n," Vella ké.

Mo wúkọ́.

"Skeet," Ìyá àgbà ní, "irú ikọ́ wo nìyẹn?"

"Wọn ò sun wọ́n, mà. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Bí gbogbo wa ṣe tò lọ sílé adìẹ nìyẹn: Ìyá àgbà pẹ̀lú ojú kan, obìnrin ìjọba pẹ̀lú bàtà ẹrẹ̀, Vella pẹ̀lú irin lọ́wọ́. Àwọn adìẹ mi ń wò wá láti inú gíláàsì bàbá Ìyá àgbà bí ẹni pé àwa la wá gba ilé lọ́wọ́ wọn. Míìsì Pruitt kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ adìẹ, ó ń fọwọ́ pa igi fèrèsé náà bí ẹni ń pa orí ọmọ.

"Èèkàn igi ló fi so ó pọ̀. Kò lo ìṣó rárá," ó ní.

"Skeet, olè ni ẹ́," Ìyá àgbà ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Màá nà ẹ́."

"Ẹ ṣé, mà."

"Lẹ́yìn náà màá din adìẹ fún ẹ."

"Kì í ṣe nínú àwọn wọ̀nyí o, mà!"

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò pẹ́ níbẹ̀. Mo ti fi ayùn gé méjì nínú fèrèsé náà kí wọ́n lè bá ògiri ilé adìẹ mu. Míìsì Pruitt ní ká dá mẹ́rin tó kù padà sáyè wọn, òun á padà wá wò ó, òun ò sì ṣèlérí. Gbogbo ìsinmi ọdún yẹn, ihò ìṣó ni Vella ń dí, ìgbẹ́ adìẹ lèmi ń fọ̀. Trey wá fi wá ṣẹ̀sín lọ́jọ́ kan. Ìyá àgbà fi orúkọ ìyá bàbá rẹ̀ tí òun náà kàwé níbẹ̀ hàn án, bí wọ́n ṣe fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ sára bẹ́ǹṣì ilé ìwé náà. Láti ọjọ́ yẹn, òun náà ń bá wa gbé omi iṣẹ́.

Míìsì Pruitt padà wá, ìpínlẹ̀ sì gbà á. Títì yà. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa kan àwo idẹ mọ́ ọn, Mísítà Stroud yọ, òun àti ayàwòrán ìwé ìròyìn. Ó na ọwọ́ síwájú.

"Eulalie, o kú oríire o!"

Kí Ìyá àgbà tó dáhùn, Vella ti dúró sáàárín.

"Mísíìsì Battle lorúkọ wọn. Ẹ kú oríire, mà, lẹ máa sọ fún wọn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wò yíká. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè títí ó fi kó o sápò.

Inú ṣì ń bí mi. Fèrèsé méjì ò sí mọ́ láé, ilé ẹṣin sì ti ní àwo idẹ ṣáájú wa. Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ ilé nù sọ àpò ìyà kọ́, àwa sì ti fẹ́ sọ tiwa nù nítorí ẹ̀rín inú ọkọ̀. Ìwọ tó ń ka èyí, gbọ́: ẹni tó bá ń kọ́ ẹ láti tijú ilé bàbá rẹ, ilé náà ló fẹ́ gbà.

Fèrèsé tuntun Stroud ò ṣòfò ṣá. Ilé adìẹ mi ló wà báyìí. Wọ́n ń yàgbẹ́ sí i lójoojúmọ́.